Ẹni Tó Kúnlẹ̀ Lẹ́yìn Mi

Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀wọ̀. Ní àsìkò òjò kan, mo yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn kíláàsì, orúnkún ọ̀tún mi sì lọ́. Ohun rírọ̀ bíi tìmùtìmù tó wà láàárín eegun orúnkún ló fàya. Dókítà gé e kúrò. Ara tù mí díẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá, eegun bẹ̀rẹ̀ sí í ha eegun. Bí mo bá ń rìn níwájú pátákó, àwọn ọmọ tó jókòó níwájú máa ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló mú mi lọ sí Íńdíà. Dókítà ibẹ̀ ní òun yóò fi òmíràn rọ́pò èyí tí wọ́n gé.

“Níbo lẹ ti máa rí i?”

“Lára ẹni tó ti kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló yọ̀ǹda rẹ̀. A kì í sọ orúkọ.”

Mo gbà. Ìrora ti sú mi.

Ìkìlọ̀ tí wọ́n fi rán mi wálé pọ̀: n kò gbọdọ̀ sáré, n kò gbọdọ̀ lóṣòó, n kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀, kí tuntun náà má baà ya. Ti ìkúnlẹ̀ yẹn ló dùn mí jù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa kí ìyá ọkọ mi lóòró?

Ọ̀sán gangan ni mo fi ọ̀pá rìn wọ àgbàlá wọn ní Ìjàgbà. Màmá ń bó ẹ̀gúsí. Ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ọkọ mi ti sọ fún wọn pé n kò lè kúnlẹ̀. Kò sọ ti òkú.

“Ẹ káàsán, mà. Ẹ má bínú sí ìdúró mi.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “O ò jẹ̀bi, ìyàwó mi. Ẹni tó tẹ̀ lé ọ wá ti kúnlẹ̀.” Wọ́n wá wo ẹ̀yìn mi. “Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ gbóná.”

Mo bojú wẹ̀yìn. Ọkọ mi ṣì wà nídìí mọ́tò ní títì. Kò sí ẹnikẹ́ni. Àwọn adìẹ ń jẹ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n ojú kan wà lẹ́yìn mi tí wọn ò dé, ńṣe ni wọ́n ń yí i po.

“Màmá, ta ni?”

“Ṣé èmi ni mo máa mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ ni? Kò sọ̀rọ̀. Àmọ́ wọ́n kọ́ ọ nílé.”

Nígbà tí à ń padà lọ, ọkọ mi ní ogbó ló dé sí wọn. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Síbẹ̀, mo lọ bá fadá wa pé kó ṣe Mísà fún òkú kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó ṣe é.

Nígbà tí mo tún dé Ìjàgbà, Màmá tẹ́tí sí ẹ̀yìn mi.

“Ó sọ̀rọ̀ lónìí,” ni wọ́n wí.

“Kí ló sọ?”

“N kò gbọ́ èdè rẹ̀.”

Màmá ti papò dà báyìí. Orúnkún mi ò ha mọ́, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kí àgbàlagbà, ojú wọn ni mo máa ń wò, bóyá yóò kọjá èjìká mi.