Àga Tí A Fi Pamọ́ fún Ọ̀gá Wa

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá bú gbogbo ìdílé wa, mo lè fi ẹ̀rín bò ó, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sọ̀rọ̀ ọ̀gá wa láìdaa. Ọ̀gá wa tí mo ń wí yìí, olóṣèlú ni. Bódìjà ni ilé rẹ̀ wà, èmi sì ń tún fíríìjì ṣe ní Chálẹ́ǹjì. Bí ẹ bá bi mí nígbà náà pé kí ló ṣe fún mi gan-an, inú á bí mi sí yín, nítorí n kò ní èsì.

Ohun tó ṣe fún mi kò ju pé ó fọwọ́ lé mi léjìká. Wọ́n pè mí wá tún fíríìjì ilé ìdáná rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kan. Bí mo ṣe ń kó irinṣẹ́ mi jáde, òun náà ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó dúró, ó béèrè orúkọ mi, ó béèrè ìyàwó mi. Mo ní ó ti lóyún, kò sì ní í pẹ́ bí. Ló bá gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Tó bá ti bí, èmi ni màá wá sọ ọmọ yẹn lórúkọ." Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ọkùnrin pàtàkì kankan tó fọwọ́ kàn mí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo délé, n kò fẹ́ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn mi. Bí mo ṣe di ọmọ ẹ̀yìn nìyẹn, tọkàntara.

Bàṣọ̀run là ń gbé. Bàbá onílé wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ òṣèlú kejì, tó ń bá tiwa díje, ló ń ṣe ní tirẹ̀. Mo lẹ àwòrán ọ̀gá wa mọ́ ilẹ̀kùn wa, ó kọjú sí ilẹ̀kùn Bàbá gbọnrangandan. Láràárọ̀ ni mo ń yí orin ìpolongo wa sókè. Bàbá kàn máa ń sọ pé, "Ọmọ mi, bá wa dín in kù díẹ̀, káwa náà lè gbọ́ tiwa." Mo rò pé ẹ̀rù ọ̀gá wa ló ń bà á ni. Ọmọdé ń ṣe mí.

Nígbà tí ìyàwó mi bí, mo ránṣẹ́ sí Bódìjà, wọ́n ní ọ̀gá ti gbọ́. Mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé ó ń bọ̀. Àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù nílé wa, mo gbé e síwájú, mo ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e. Ìyá ìyàwó mi ti Ṣakí dé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Pásítọ̀ ní ká bẹ̀rẹ̀, mo ní, "Ẹ dákun, sà, wọ́n ti wà lọ́nà." Oòrùn gòkè. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àwọn àlejò ń wo àga, wọ́n ń wò mí. Ìyá ìyàwó mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ilé làwọn àgbà ń wò kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ, ọkọ ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ojú títì lẹ̀yin ń wò."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ láìsí i, gbogbo Bàṣọ̀run ni yóò mọ̀ pé n kò jámọ́ nǹkan kan lójú ẹni tí mo ń fi yangàn. Bí n kò bá sì jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi kò ní lórúkọ lọ́jọ́ náà. Omi ti lé sójú ìyàwó mi. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Bàbá onílé dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà tó padà dé, ó ń yára bọ̀. Ó gbóhùn sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́: "Ọ̀gá yín ló pè mí o! Ó ní ọ̀nà dí mọ́ òun, ó ní kí n bá òun jókòó sórí àga òun, kí n sì bá òun fún ọmọ lórúkọ tí òun fẹ́ mú wá." Ó jókòó lé àga náà, ó sọ owó sínú àwo omi, ó pe orúkọ náà: Oyinkánsọ́lá.

Ṣe ni mo fẹ́ fò sókè. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà rẹ̀, ọ̀gá wa rántí mi! Ọdún pọ̀ tí mo fi ń ròyìn rẹ̀ káàkiri, títí dé Dùgbẹ̀, pé ẹni ńlá nìkan ló lè ronú kan irú orúkọ bẹ́ẹ̀. N kò fi ìgbà kankan bi ara mi pé báwo ni ọ̀gá wa ṣe rí nọ́ńbà tíṣà kan tó wà nínú ẹgbẹ́ kejì. Ìfẹ́ ti fọ́ mi lójú.

Oyin ti ń lọ sílé-ìwé nígbà tí ọ̀gá wa ṣí lọ sínú ẹgbẹ́ Bàbá onílé. A rí òun àti àwọn olórí ẹgbẹ́ náà lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó ti ń bú ara wọn, wọ́n dì mọ́ra. Mo gbé oúnjẹ mi tì. Mo tọ Bàbá lọ lójúde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè wọ́n. Mo fẹ́ gbọ́ ọ látẹnu wọn."

"Nọ́ńbà wo ni màá fi pè é?"

"Èyí tí wọ́n fi pè yín lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ."

Ìyàwó mi, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Oyin! Fóònù Bàbá ń gba iná ní yàrá wa láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ ló wà."

Ó ti mọ̀ látọjọ́ náà, kò sì dójú tì mí. Mo kọjú sí Bàbá. Mo ní kí ló dé tó fi parọ́ gbe ẹni tí kò fẹ́ràn rárá.

Ó ní, "Ọ̀gá tèmi náà ṣèlérí pé òun ń bọ̀ níbi ìsìnkú ìyá mi. A gbé òkú dúró títí oòrùn fi ń wọ̀. Kò sẹ́ni tó lọ sẹ́yìnkùlé bọ̀ fún mi."

A ti kó lọ sí Apẹ́tẹ̀ báyìí. Yunifásítì ni Oyin wà, Agbowó ló ń gbé, ó sì máa ń yà kí Bàbá kó tó wá kí wa. Bí mo bá gbọ́ ohùn ọ̀gá wa nínú rédíò, èjìká mi ṣì máa ń rántí ọwọ́ rẹ̀. N kò ní purọ́, ọwọ́ náà móoru. N kò bínú sí i mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Bàbá onílé àti ìyàwó mi ni mo ń dárúkọ. Àga náà wà ní pálọ̀ wa, mo ti pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Bí Bàbá bá wá kí wa, ibẹ̀ ló ń jókòó sí, a sì máa ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ lójú ẹsẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí a tún ń dúró dè.