Ta Ló Ni Òrùlé Wa?

Ìyá mi lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ẹja yíyan ní Ẹ̀pẹ́, èéfín sì gba owó tirẹ̀ lára rẹ̀. Nígbà tó yá, kò lè rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà kó má jókòó sinmi. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti gbó, pé kò sí oògùn tó lè sọ ọ́ di tuntun, àfi kí á ra ẹ̀rọ kan tí yóò máa fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú tọ̀sán-tòru. A ra ẹ̀rọ náà. Iná ìjọba tí yóò gbé e ṣiṣẹ́ ni kò sí.

Jẹnẹrétọ̀ la kọ́kọ́ lò. Ẹ wo ọgbọ́n wa: obìnrin tí èéfín ba àyà rẹ̀ jẹ́, a tún gbé èéfín mìíràn sẹ́yìn fèrèsé rẹ̀. Nígbà tí ikọ́ rẹ̀ ń le sí i, èmi àti àwọn àbúrò mi dá owó jọ, a ra sólà. Wọ́n to pánẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé ilé ẹbí wa, wọ́n gbé bátìrì àti ínfátà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì fa wáyà ọ̀tọ̀ lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo nínú yàrá rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn nìkan ni sólà náà wà fún. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sun oorun gidi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa bó ti máa ń bú wa tẹ́lẹ̀. Mo máa ń wá láti Ìkòròdú, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, wá gba èébú tèmi, inú mi a sì dùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé. Wọ́n ní òfin tuntun ti jáde: ẹni tó bá gbé pánẹ́ẹ̀lì sórí ilé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kó sì san owó àyẹ̀wò. Wọ́n ní nítorí kí ilé má baà jóná ni. Kí n tó dé, wọ́n ti pa ínfátà, wọ́n ti fi àgádágodo tiwọn ti àpótí irin tí a gbé e sí, wọ́n sì ti lẹ bébà pupa mọ́ ọn. Ẹni tó bá já bébà náà, wọ́n á kó gbogbo sólà rẹ̀ lọ, wọ́n á sì gbé òun náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo bá ọ̀gá wọn lọ́fíìsì. Mo ní ìjọba tí kò lè fún wa níná, òun náà ló wá ń gba owó oòrùn lọ́wọ́ wa. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, èmi kọ́ ni mo ṣòfin," ló wí.

Bó bá jẹ́ pé owó nìkan ni, à bá ti wá a lọ́nàkọnà. Fọ́ọ̀mù wọn ló dá wa dúró. Lókè pátápátá, ó béèrè orúkọ onílé àti ìfọwọ́sí rẹ̀.

Ilé wa kò ní onílé. Ẹni tó kọ́ ọ wà lára àwọn tó bá ọba wọn kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́ láyé àtijọ́. Ìyàwó mẹ́rin ló ní, ìdí mẹ́rin la sì pín sí, gbogbo wa la jọ ni ilé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí orúkọ rẹ̀ wà lórí bíìlì iná, mú bíìlì náà lọ sí kóòtù, ó ní òun ni onílé, ó sì ti rí ẹni tí yóò tà á fún. Ẹjọ́ yẹn pẹ́ débi pé àwọn kan kú sẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó parí, tí ilé padà sọ́wọ́ ẹbí, gbogbo àgbà pé jọ, wọ́n fi Kùránì búra pé títí ayé, ẹnikẹ́ni nínú àwọn kò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí onílé. Ẹni ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Mo kọ́kọ́ gbé ìyá mi wá sọ́dọ̀ mi ní Ìkòròdú, torí iná tiwa sàn díẹ̀ ju ti Ẹ̀pẹ́ lọ. Ilé tí mo rẹ́ǹtì ni, lándílọ́ọ̀dù mi sì ti gbọ́ nípa òfin náà. Ó ní òun kò fẹ́ pánẹ́ẹ̀lì kankan lórí òrùlé òun, kí ìjọba má baà wá ka òun mọ́ ibẹ̀. Ká tó mọ̀, tírásífómà àdúgbò wa bàjẹ́. Ìyá mi ní kí n dá òun padà sí Ẹ̀pẹ́, pé bóun bá máa jókòó sínú òkùnkùn, kó jẹ́ òkùnkùn ilé ọkọ òun.

Bàbá mi ti kú; àbúrò rẹ̀ ni olórí ẹbí, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú yàrá ìyá mi, kí ìyá mi lè máa gbọ́.

"Mi ò lè pe ara mi ní onílé," ló wí. "Ọwọ́ mi yìí wà lórí Kùránì lọ́jọ́ yẹn. Tí mo bá fọwọ́ sí i lónìí, àwọn ọmọ mi ló máa gbé e lọ sí kóòtù lọ́la."

"Bàbá, ènìyàn ń kú lọ nínú yàrá yẹn, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kóòtù. Èmi ò sí níbi ìbúra. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ sí i."

Ìyá mi ló dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀, á mí, ọ̀rọ̀ díẹ̀, á tún mí.

"O ò ní fọwọ́ sí i. Ará Èjìnrìn ni mí. Wọ́n fẹ́ mi wá sílé yìí ni. Tí orúkọ ọmọ mi bá wọ ìwé, wọ́n á ní mo fi àìsàn gba ilé. Mi ò ní fi irú orúkọ yẹn sílẹ̀ fún yín." Ó sinmi díẹ̀, ó wá pe àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ̀yin náà, ẹ má fọwọ́ sí i."

Mo jáde lọ dúró sétí ọ̀sà. Inú bí mi sí ìjọba, ó bí mi sí ẹbí, ṣùgbọ́n ìyá mi ló bí mi nínú jù, nítorí mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ àwọn tó máa kọ́kọ́ sọ ọ́, mo sì mọ bí wọ́n á ṣe rọra sọ ọ́ níbi ìsìnkú rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìdí kọ̀ọ̀kan jọ fọwọ́ sí i, kó má baà jẹ́ ti ẹnì kan. Mo rò pé ó ti bùṣe. Ọ̀gá yẹn wo fọ́ọ̀mù náà, ó sì dá a padà fún mi. Ó ní orúkọ ẹnì kan péré ni kọ̀ǹpútà àwọn ń gbà. Mo ro gbogbo ẹjọ́ ẹbí wa fún un, títí dé orí ìbúra, ó sì ń mi orí bí ẹni pé ó ń káàánú wa.

Bí iná ìjọba bá dé, a máa ń fa wáyà gígùn láti sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ yàrá rẹ̀. Bí kò bá sí, jẹnẹrétọ̀ ni, ní ẹ̀yìnkùlé pátápátá. Oòrùn ń ràn lórí pánẹ́ẹ̀lì wa lójoojúmọ́, kò sì wúlò fún ẹnì kankan. Lọ́jọ́ tí ìyá mi kú, iná ti lọ láti àárọ̀, wọ́n sì wá bẹntiróòlù káàkiri, wọn ò rí i. Orí ìjókòó ló kú sí, nítorí kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Mo ti dé Ìtóìkín lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ nígbà tí wọ́n pè mí.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, a fẹ́ tú sólà náà kúrò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ohun tí ìjọba bá ti tì, a ò lè tú u láìgba ìwé àṣẹ. Èmi àti àbúrò bàbá mi bá tún padà lọ sí ọ́fíìsì yẹn. Ọ̀gá náà kí wa kú ará fẹ́ra kù. Ó ní:

"Ẹni tó kọ́ ilé yín ńkọ́? Ẹ kọ orúkọ tiẹ̀."

"Ó ti kú," ni àbúrò bàbá mi wí. "Kò tiẹ̀ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lójú nínú wa."

"Mo mọ̀, Bàbá. Kọ̀ǹpútà ò béèrè ìyẹn. Ẹ bá a fọwọ́ sí i. Bí àwọn ilé ẹbí tó kù ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún wa látẹ̀yìn wá.

"Ẹ sọ fún mi pé ẹ ti búra, mà," ló wí. "Mo rò pé ìbúra yín ò gbà á ni."

Àbúrò bàbá mi di bírò mú, ó gbé fọ́ọ̀mù náà sún mọ́ ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kọ orúkọ ẹni tó bí bàbá bàbá rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Mo san owó àyẹ̀wò. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn tẹ̀ lé wa wálé, wọ́n já bébà pupa, wọ́n ṣí àgádágodo, wọ́n sì tan ínfátà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn obìnrin tó palẹ̀ yàrá ìyá mi mọ́ ti ki wáyà ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀ padà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì sólà, kò sì sí ẹni tó rántí pa á. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni gbogbo wa ti gbọ́ ọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn nínú yàrá tí kò sí ènìyàn. Àbúrò bàbá mi jókòó sílẹ̀. Mo wọlé, mo sì pa ẹ̀rọ náà.