Akọ̀wé Tó San Iye Tí Mo Pè

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe kọ́ńdọ́ ọkọ̀ lọ́rì láti Ọ̀sí lọ sí Ìlọrin, ẹnì kan ṣoṣo ló san iye tí mo pè fún un láìjanpata, òun náà ló sì gbé mi lọ sí kóòtù. Ẹ̀yin èwe ìsinsìnyí tí ẹ kàn ń wọ ọkọ̀ tí ẹ kì í ná an, ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe rí fún yín.

Kọ́ńdọ́ ló ń pe èrò, òun ló ń gba owó, òun ló ń so ẹrù mọ́ orí ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá dé ibi òkè, òun náà ni yóò bẹ́ sílẹ̀ tòun ti ìtì igi lọ́wọ́ láti dí táyà, kí lọ́rì má baà fi ẹ̀yìn rìn padà sílé. Owó iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n iyì ibẹ̀! Lọ́rì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé agbègbè wa ni nígbà náà. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ rin Ìlọrin rí pẹ̀lú garawa epo lórí kò ní bá mi jiyàn pé ọkọ̀ wa dára. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì dára o. Pákó ni ìjókòó, eruku ni afẹ́fẹ́, òjò ni omi ìwẹ̀. Òkè kan wà lọ́nà Òmù-Àrán tí ọkọ̀ wa kì í gùn àfi bí gbogbo èrò bá sọ̀kalẹ̀ tì í. Àwọn tó sanwó ló ń ti ọkọ̀, Sàdíkù awakọ̀ wa tí wọ́n ń sanwó fún ló jókòó sínú rẹ̀.

Ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òyìnbó ajẹ́lẹ̀ gbọ́ pé àwọn ọlọ́kọ̀ ń gba owó bó ṣe wù wọ́n. Ó pàṣẹ kí wọ́n gbé pátákó kan kọ́ sí ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra: ṣílè kan ni Ọ̀sí sí Ìlọrin, kò lé, kò dín. Inú mi dùn. Mo ní ẹnu mi yóò sinmi wàyí. Mo dúró sábẹ́ pátákó, mo ń pè: "Ìlọrin, ṣílè kan! Ìlọrin, ṣílè kan!"

Kò sẹ́ni tó wọlé. Bàbá àgbẹ̀ kan láti Ìlọ́fà, tó máa ń bá wa lọ dáadáa, sún mọ́ mi, ó fẹ́ san ìdajì ṣílè.

"Jímọ̀, jẹ́ kí n san sísì."

"Bàbá, ṣílè kan ni. Ìjọba ló wí."

"Mo fi kọ́bọ̀ kan lé e."

"Bàbá, kò ṣe é ná mọ́."

Bàbá wo ọkọ̀ láti òkè délẹ̀. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọjà tí wọ́n ní kí n má ná, àbùkù ń bẹ lára rẹ̀. Kí ló ń ṣe ọkọ̀ yìí tí ẹ kò fẹ́ ká mọ̀?" Ló bá ṣẹ́rí padà, gbogbo èrò tó kù sì tẹ̀lé e.

Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Lọ́dọ̀ wa, ìkíni ni ọjà níná. Níbẹ̀ la ti ń béèrè ilé, níbẹ̀ la ti ń béèrè ọmọ. Bí o bá gba iye tí ẹnìkejì rẹ kọ́kọ́ pè, o ti sọ fún un pé o kò rí tirẹ̀ rò, tàbí kẹ̀ pé orí rẹ kò pé. Ìjọba fi òfin gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, wọ́n sì ń retí pé kí a dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Ọkọ̀ wa ń lọ lófìfo, ó ń bọ̀ lófìfo. Bàbá tó ni ọkọ̀ ránṣẹ́ láti Ìlọrin pé bí kò bá kún ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí n lọ wá ọkọ́ àti àdá mi.

Mo ronú, mo sì rí i. Ní ọjọ́ ọjà yẹn, mo kẹ̀yìn sí pátákó, mo kígbe: "Ìlọrin, ṣílè méjì!"

"Olè!" ni gbogbo wọn fi dáhùn, ayọ̀ sì hàn lójú wọn. Wọ́n ya bò mí. Èmi ń bọ̀ láti ṣílè méjì, àwọn ń bọ̀ láti tọ́rọ̀, ìyẹn ìdajì sísì, a sì pàdé ní ṣílè kan géérégé bí òfin ṣe wí. Ọkọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú. Ìjọba rí ṣílè kan tó fẹ́, èrò rí ìjà tó fẹ́, èmi náà sì rí oúnjẹ jẹ. Bí wọ́n bá délé, oníkálukú a máa sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé sísì lòun san. Kò sẹ́ni tí irọ́ yẹn pa lára.

Ọ̀gá gbogbo wọn ni Yèyé Elépo, ará Òkè-Ọpin, tó ń gbé epo pupa lọ tà n'Ílọrin. Bó bá ń bọ̀, èrò a yà fún un bí ẹni yà fún oníjàkadì.

"Jímọ̀ ọmọ mi, ìyàwó ńkọ́? Oyún inú rẹ̀ ńkọ́? Èló?"

"Ṣílè méjì, Yèyé."

"Yéè! Ṣé mo ní mo fẹ́ ra ọkọ̀ náà ni? Mo ti ń fẹsẹ̀ rin Ìlọrin kí wọ́n tó bí baba rẹ!"

Á gbé garawa rẹ̀ karí, á máa lọ lóòótọ́, á dé ìdí igi obì, á tún padà. Nígbẹ̀yìn, ṣílè kan náà ló ń san. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ọpin, òun ni obìnrin tí lọ́rì ń gbé ní sísì. Àwọn ìyá a máa fa ọmọbìnrin wọn lé e lọ́wọ́ kí ó kọ́ wọn ní ọjà níná. Iyì tó ní nìyẹn, kò sì ní òmíràn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ.

Ọjọ́ kan ni akọ̀wé ìjọba kan dé, ọmọ ìsàlẹ̀ etíkun, ó dé akẹtẹ̀ òyìnbó, ó wọ ṣòkòtò kaki, bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò, kò tilẹ̀ bojú wo pátákó.

"Èló ni Ìlọrin?"

"Ṣílè méjì, ọ̀gá."

Ló bá ki ọwọ́ bọ àpò, ó kó ṣílè méjì lé mi lọ́wọ́. Háà! Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ò ní sọ nǹkan kan ni?"

"Kí n sọ kí ni?"

"Ẹ sọ pé ó ti pọ̀ jù."

"Kò pọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ pè mí lólè díẹ̀. Ẹ ní sísì lẹ máa san, ká jọ parí ẹ̀."

"Ṣé orí rẹ dàrú ni?"

Ó rò pé mò ń fi òun ṣẹ̀sín torí pé òun jẹ́ àlejò. Mo mú ṣílè kan padà fún un, ó gbá ọwọ́ mi dànù. Ó ní irú òun kọ́ ni yóò máa gba ṣéńjì lọ́wọ́ kọ́ńdọ́. Ó lọ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàdíkù. Mo so ṣílè náà mọ́ etí aṣọ mi, mo ní tí inú rẹ̀ bá rọ̀ n'Ílọrin, màá dá a padà.

Inú rẹ̀ kò rọ̀. Nígbà tí a dé ibi òkè, gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀ ń ti ọkọ̀, akọ̀wé nìkan ló jókòó. Bí wọ́n ṣe ń tì í ni wọ́n ń fọ́nnu: ẹnì kan ní sísì lòun san, ẹnìkejì ní kò tó bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ká tó sọ ẹrù kalẹ̀ n'Ílọrin, ó ti fẹjọ́ mi sùn, dógárì, ọlọ́pàá ọba, ti di ṣòkòtò mi mú.

Ọ̀sí ni mo ti gba owó náà, nítorí náà Ọ̀sí ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n ní bí mo bá jẹ̀bi, màá lọ máa fọ́ òkúta lójú ọ̀nà, ọkọ̀ wa kò sì ní rin ọ̀nà náà mọ́. Bàbá tó ni ọkọ̀ ní òun kò mọ̀ mí rí. Ìyàwó mi jókòó lẹ́bàá ògiri, ó fi ọwọ́ gbá ikùn rẹ̀ mú. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún yín.

Adájọ́ gbọ́ tẹnu mi. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé pípè lo kàn ń pè é, tó sì jẹ́ pé ṣílè kan ni gbogbo èrò ń san, jẹ́ kí wọ́n wá sọ ọ́."

Ara mi balẹ̀, torí èrò ọkọ̀ mi ló kún inú kóòtù. Mo pe bàbá Ìlọ́fà. Bàbá dìde, ó wẹ̀yìn, ó rí àwọn àna rẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí. Ó wúkọ́.

"Sísì ni mo ń san."

"Bàbá!" ni mo ké.

Ahunṣọ kan láti Kòrò fò dìde: "Èmi ti san kọ́bọ̀ mẹ́rin rí." Ẹnìkẹta kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n pe òun: "Tọ́rọ̀ lèmi! Ó tún fi ìrèké kan ṣe ènì fún mi!"

Adájọ́ wò mí. "O ń gba tọ́rọ̀ lọ́wọ́ ará ilé, o wá ń gba ṣílè méjì lọ́wọ́ àlejò."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi ni wọ́n ń kó ọ̀ràn bá, ẹnu tiwọn ni wọ́n fi ń kó o. Dógárì ti ń tú okùn. Ìyàwó mi bú sẹ́kún.

Yèyé Elépo wá dìde láàárín àwọn obìnrin Ọpin. Ó tún ọ̀já rẹ̀ dì.

"Adájọ́, ṣílè kan ni mo ń san."

Adájọ́ bi í léèrè:

"Nígbà gbogbo?"

"Nígbà gbogbo. Mo ná an, mo ná an, n kò já a wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ẹ̀yin ará Ọpin, irọ́ ni mo ń pa fún yín." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Yèyé yíjú sí i. "Rẹ́rìn-ín dáadáa. Ìwọ náà, ṣílè kan lo ń san, ẹ̀yìn rẹ ni mo máa ń wà. Bàbá Ìlọ́fà, ṣé nítorí àna yín ni wọ́n á ṣe gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ fọ́ òkúta?"

Bàbá Ìlọ́fà dorí kodò. "Ṣílè kan ni," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ahunṣọ náà ní ṣílè kan. Ẹni tó gba ènì ìrèké ní ṣílè kan ni, àti pé kò sí ìrèké kankan.

Wọ́n tú mi sílẹ̀. Wọ́n dá ṣílè akọ̀wé padà fún un, ó sì nu ún nù kó tó fi sápò. Adájọ́ kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ pe ohun tó ju ṣílè kan lọ mọ́ fún owó èrò, wọ́n sì fi dógárì kan sídìí pátákó kí ó máa ṣọ́ ẹnu mi. Mo gbọ́ pé wọ́n sọ fún ajẹ́lẹ̀ pé ojú àwọn ará Ọ̀sí ti ń là.

Èmi bọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó yọ mí kò bọ́. Ikú yá ju ẹ̀sín, ẹ̀sín náà sì ni Yèyé yàn. Lódò, wọ́n ń pè é ní Yèyé Ṣílè-Kan. Àwọn ìyá gba ọmọ wọn padà. Ó dùn mí wọra.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó dé pẹ̀lú garawa rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Yèyé, ẹ má sanwó. Ọ̀fẹ́ ni títí ayé."

Ó bínú. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní mo di oníbáárà pẹ̀lú ni? Èló?"

Mo wo dógárì. "Ṣílè kan, Yèyé."

Ó san án láìsọ̀rọ̀, ó wọlé. Àwọn tó kù náà san tiwọn láìsọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó ń kó òkú kò lè dákẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A dé ibi òkè, wọ́n tì í, kò sẹ́ni tó fọ́nnu. Nígbà tí a tún wọlé, ara mi kò gbà á mọ́.

Mo kígbe pé, "Yèyé Elépo! Owó garawa yín ńkọ́?"

"Owó garawa kẹ̀?"

"Pátákó sọ̀rọ̀ ènìyàn, kò sọ̀rọ̀ garawa. Ṣílè méjì ni!"

Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ là.

"Olè!" ló ké. "Olè paraku! Ṣé garawa ló jókòó ni? Ṣé garawa bá wa ti ọkọ̀ ni?"

"Ṣílè kan àti sísì."

"Ilé epo ni wọ́n ti bí mi, o kò lè rẹ́ mi jẹ! Sàdíkù, dúró, kí n máa fẹsẹ̀ rìn!"

Sàdíkù dúró lóòótọ́. Yèyé sọ̀kalẹ̀, ó gbé garawa karí, ó ń lọ. Gbogbo èrò yọ orí síta. Mo sáré tẹ̀lé e, mo dé ṣílè kan, mo dé sísì, mo dé tọ́rọ̀, ó ń bú mi títí kan ìran mi. Mo dé kọ́bọ̀ kan, ó ní kọ́bọ̀ tóbi. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú gbogbo wọn.

"Yèyé, ẹ ti pa mí. Ẹ máa gbé e bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́."

Ariwo sọ nínú ọkọ̀ bí ìgbà tí wọ́n bímọ. Bàbá Ìlọ́fà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba garawa náà sókè. Ẹni tí kò gbé ẹrù wá ń fi ìka àbámọ̀ bọnu. Yèyé gun ọkọ̀, ó jókòó, ó sì ń nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ. Bóyá eruku ni.

Nígbà tí a dé Ìlọrin, tí alábàárù bi í pé èló ló san lórí epo, ó kàn nawọ́ sí gbogbo èrò ọkọ̀ pé kí wọ́n sọ ọ́.