Máàpù Ọkọ Mi àti Ibi Tí Ọmọ Wa Sùn Sí

Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni ọkọ mi ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka máàpù. Àìsàn ti dá a jókòó sílé wa ní Basin, ní Ìlọrin, nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí n kó aṣọ àwọn oníbàárà kúrò lórí tábìlì fàràǹdá, kí n sì bá òun mú máàpù kan jáde nínú àpótí. Ọ̀dọ̀ àwọn awọnlẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpótí yẹn rí.

Ó gbé kọ́ńpáàsì lé máàpù lórí. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń jó, kò dúró.

"Ìwọ télọ̀ yìí, kí ló wà nínú àpò rẹ?"

"Àlùmọ́gàjí mi ni."

"Gbé e jìnnà. Irin máa ń fa abẹ́rẹ́ yìí. Ṣé o fẹ́ kó purọ́ fún wa ni?"

Mo gbé àlùmọ́gàjí lọ sí yàrá. Nígbà tí mo padà dé, abẹ́rẹ́ náà ti dúró jẹ́ẹ́. Ó fi etí kọ́ńpáàsì gba ẹ̀gbẹ́ ìlà kan tó ti ìsàlẹ̀ máàpù lọ sókè, ó sì ní kí n máa yí máàpù àti kọ́ńpáàsì pọ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ojú pupa abẹ́rẹ́ yóò fi bọ́ sórí àmì àríwá tó wà lára kọ́ńpáàsì. Mo yí i. Nígbà tó bọ́ sí i, mo rí i pé ọ̀nà Tanke tó wà lórí bébà nà gan-an bí ọ̀nà Tanke tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa ṣe nà. Mo rẹ́rìn-ín.

"Má bi máàpù ní nǹkan kan tí o kò bá tíì yí i bẹ́ẹ̀," ó ní. "Kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ ibi tó wà."

Mo rò pé ó kàn fẹ́ fi í pa ìrònú rẹ́ ni. Àfi ìgbà tó fi ìka kan àmì pẹ́ńsù kékeré kan, tí kò tó hóró ọkà bàbà.

"Ibí ni ọmọ wa wà."

Àkọ́bí wa ló ń sọ. Obìnrin ni, kò tíì lè dá jókòó. A gbé e lọ kí ìyá ọkọ mi ní abúlé wọn lẹ́yìn Ìlọrin, ibà sì mú un níbẹ̀, ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó kírun àsárì. Ní tiwa, òbí kì í tẹ̀lé ọmọ lọ sí sàréè, wọn kì í sì í fi ibẹ̀ hàn án. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, àwọn obìnrin sì dì mí mú nínú yàrá. N kò béèrè ibi tí wọ́n gbé e lọ. Nígbà tí ọ̀nà ọ̀dà dé, gbogbo ará abúlé kó lọ sí etí títì, igbó sì gba abúlé àtijọ́. Mo bí ọmọ mìíràn, wọ́n wà láàyè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí òjò ńlá rọ̀ tí n kò ronú nípa ibi tó ti ń rọ̀ lé e lórí.

Mo ti rò pé bàbá rẹ̀ náà kò mọ̀. Àṣé ó ti lọ bá ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀, ó ti gbé kọ́ńpáàsì dúró níbẹ̀, ó ti wo òkè, ó ti wo ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà. Ó fa ìlà láti ara òkè, ó fa ìlà láti ara odò, ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ló sàmì sí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní kí òbí má mọ̀. Èmi mọ̀, ó sì ń dùn mí láti ọjọ́ náà. N ò fẹ́ kó máa dùn ẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ara mi bá yá, èmi fúnra mi á mú ẹ débẹ̀."

Ara rẹ̀ kò yá.

Nígbà tí mo jáde opó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Alfa, wá sọ fún mi pé ẹbí ti ta ilẹ̀ abúlé àtijọ́. Ó ní wọn yóò gbé katapílà wọ̀ ọ́ tí òjò bá lọ, wọn yóò gé e ní púlọ́ọ̀tì. Abidjan ni Alfa wà nígbà tí ọmọ yẹn kú, kò rí i rí. Mo ní mo fẹ́ lọ.

"Kí lo fẹ́ lọ wò nínú igbó?"

Mo sọ fún un. "Ó dáa," ó ní. "Èmi náà á bá ẹ lọ."

Kẹ̀kẹ́ gbé wa dé ibi tí ọ̀dà ti tán. Alfa gba máàpù lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní ìkírun rẹ̀, ó yọ kọ́ńpáàsì kékeré tó mú bọ̀ láti Mẹ́kà, ó sì da orí máàpù kọ gábàsì, níhà ìlà-oòrùn.

"Alfa, ẹ má bínú, orí rẹ̀ kì í kọ ibẹ̀ yẹn."

"Ibo ló tún fẹ́ kọ? Tí a bá fẹ́ dúmbú ẹran iléyá, gábàsì. Tí a bá fẹ́ kírun, gábàsì. Òkú gan-an, gábàsì. Ṣé máàpù wá ju òkú lọ ni?"

"Àwọn tó yà á kì í kírun, Alfa."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó tí kì í sọ̀rọ̀! Àbúrò mi ti bà ẹ́ jẹ́ o."

Bí ó ṣe tẹ́ máàpù yẹn, ọwọ́ ọ̀tún wa ló ní òkè wà, oko gbágùúdá tó tẹ́jú nìkan ló sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa. Òkè gan-an wà níwájú. Mo ní kó bá mi gbé fóònù àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Mo gbé kọ́ńpáàsì ọkọ mi lé e, mo sì yí máàpù díẹ̀díẹ̀. Òkè orí bébà kọjú sí òkè. Ìlà búlúù tí wọ́n fi ya odò nà bí ọ̀wọ́ igi tútù tó wà lókèèrè ṣe nà.

Alfa wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó tún wo ilẹ̀. "Ó dà bí ẹni pé àbúrò mi ló ń sọ̀rọ̀," ó ní.

A rìn. Mo ń fi kọ́ńpáàsì mú igi kan níwájú, a ó rìn dé ìdí rẹ̀, màá tún mú òmíràn. A kọjá odò, omi rẹ̀ kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, orí òkúta la tẹ̀. Lẹ́yìn odò, igbó tán lójijì, ìmọ́lẹ̀ sì lù wá lójú.

Àwọn tó ra ilẹ̀ kò dúró kí òjò lọ. Ilẹ̀ pupa ni gbogbo ibẹ̀, ojú ẹsẹ̀ katapílà wà lára rẹ̀ bí ojú ibi tí wọ́n ti rán aṣọ. Wọ́n ti kó àwọn igi jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbòǹgbò wọn kọjú sókè.

Mo tẹ́ máàpù. Mo wo òkè, mo wo ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà. Ìlà méjèèjì pàdé lórí àmì rẹ̀. Kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n sẹ̀ntímítà méjì lórí máàpù yẹn, kìlómítà kan ni lórí ilẹ̀. Àmì pẹ́ńsù tí kò tó hóró ọkà bàbà, tí o bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fẹ̀ ju àgbàlá wa lọ. Bàbá rẹ̀ nìkan ló lè sọ pé ìdí igi báyìí ni, igi náà kò sì sí mọ́.

"Ṣé ibí ni?" Alfa bi mí.

"Ibí ni. Ṣùgbọ́n n kò mọ èwo nínú ibí."

Ẹ̀rù ń bà mí láti gbé ẹsẹ̀. Mo wo òkìtì ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ pẹ̀lú àwọn igi, mo sì yáa gbójú kúrò.

Alfa bọ́ bàtà rẹ̀. "Ìyàwó mi, gbọ́. Kí máàpù máa wo àríwá tiẹ̀. Ọmọ wa, gábàsì ló ń wò. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n tẹ́ ẹ lé, wọ́n sì da ojú rẹ̀ kọ ibẹ̀, ibi yòówù kó wà nínú ilẹ̀ yìí."

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo kúnlẹ̀, mo gbé kọ́ńpáàsì lé ilẹ̀ pupa yẹn, mo sì dúró kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ jókòó. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló fi dùbúlẹ̀, tó sì kọjú sí gábàsì, a jẹ́ pé orí rẹ̀ wà lápá gúúsù, ẹsẹ̀ rẹ̀ lápá àríwá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe rẹ́gí. Mo tún un rò, bí mo ṣe máa ń tún aṣọ olówó iyebíye wọ̀n kí n tó gé e. Bákan náà ni. Apá ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ mi wà ni abẹ́rẹ́ pupa yẹn ń tọ́ka sí, ẹsẹ̀ tí kò tẹ ilẹ̀ rí.

Mo na ọwọ́ mi sórí ilẹ̀, lápá ibi tí abẹ́rẹ́ kọjú sí. Ilẹ̀ náà gbóná. Alfa ṣe àmín, ó fọwọ́ nujú, ó sì jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, ó ń dúró dè mí.