Àmì Pupa Lẹ́yìn Asẹ́

Àǹtí mi kì í pariwo tí inú bá ń bí i. Ṣe ló máa ń rọra sọ̀rọ̀, á wá máa nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Láti oṣù keje títí di ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, kò sí ọjọ́ kan tí tábìlì ilé wa kò dán.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń lọ sílé ìwé. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ búrẹ́dì. Òun ló ń yan asẹ́ tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kó tó wọ yàrá tí búrẹ́dì wà. Ìyá Alásẹ́ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Mo bi í nígbà kan pé ṣé kì í ṣe irú asẹ́ kan náà ni wọ́n ń lò níbi gbogbo. Ó wò mí bíi pé mo bú u.

“Gbọ́, ìwọ ọmọ yìí,” ó ní. “Yàrá ìyẹ̀fun, asẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ni mo máa fi síbẹ̀, torí ìyẹ̀fun á ti dí èyí tó kúnná pa kó tó di ọ̀sán. Lẹ́nu ààrò, iná á pa ohunkóhun tó bá já sí búrẹ́dì lára. Ṣùgbọ́n yàrá tó ti ń tutù kí wọ́n tó wé e lọ́rà, ìhòòhò ló wà níbẹ̀. Ohun tó bá bọ́ lé e lórí, ó di òun àti ẹni tó máa jẹ ẹ́. Asẹ́ onípépà tó kúnná jù lọ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, férémù rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ páálí, torí páálí á mu omi, á sì bu. A kì í fọ̀ ọ́ o. Tó bá ti dọ̀tí, ìta ló ń lọ.”

Ó ní àṣà kan. Kó tó ti asẹ́ tuntun bọ àyè rẹ̀, á fi máákà pupa tí omi kì í pa rẹ́ kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn férémù, á sì ya ìràwọ̀ kékeré kan tì í. Ẹni tó dúró nísàlẹ̀ kò lè rí i, àfi ẹni tó bá fà á yọ. “Kí n má baà gbàgbé ọjọ́ orí wọn ni,” ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀, bíi pé òun ló bí wọn.

Ọ̀tá wa (mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni, mo sì ti rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́) ni ọ̀gá tó ń ra nǹkan fún ilé iṣẹ́ náà. Ìkan-náà ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ohunkóhun tí ẹ bá ní kó rà, èyí tó bá kàn jọ ọ́ ló máa gbé wá, á ní, “Ìkan náà ni gbogbo ẹ̀.” Àǹtí mi fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ó kéré tán, ṣùgbọ́n “ìwọ” ni ọkùnrin náà máa ń pè é níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́.

Ní oṣù kẹfà, Àǹtí gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún Ìkan-náà pé asẹ́ yàrá ìtutù ti tó pààrọ̀, ó sì kọ irú èyí tó yẹ kó rà. Nígbà tó padà dé, ọ̀gá náà na ìwé àkọsílẹ̀ sí i.

“Mo ti bá ọ pààrọ̀ gbogbo wọn. Fọwọ́ sí i.”

Àǹtí gbójú sókè, ó rí i pé wọ́n funfun báláú, ó bá fọwọ́ sí i. Kò gun àkàsọ̀, kò fa ìkankan yọ. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, kò sì fi pa mọ́ fún mi.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá láti àwọn ṣọ́ọ̀bù. Láàárín ọjọ́ méjì, ó ti bu, nǹkan bí òwú aláwọ̀ ewé ti hù sí i lára. Ọ̀gá àgbà tó ni ilé iṣẹ́ pe ìpàdé. Ìkan-náà ṣí ìwé, ó na ìka sí ibi tí Àǹtí fọwọ́ sí. “Òun ló ń tọ́jú asẹ́. Ọwọ́ ẹ̀ rèé.” Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ibi tí asẹ́ wà lọ́wọ́ Àǹtí, wọ́n fún Ìkan-náà, wọ́n sì ní kí Àǹtí lọ máa fọ agbọ̀n ike tí wọ́n ń kó búrẹ́dì sí.

Ó wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Ó mú àkísà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì.

Ibi tó ti ń fọ agbọ̀n lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ló ti rí i. Nínú gọ́tà tó wà nídìí ẹ̀rọ omi, pépà funfun jálajàla há mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ó mọ pépà náà bí ẹni mọ aṣọ ara rẹ̀. Ó bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà léèrè.

“Àbí ẹ ò mọ̀ ni, Ìyá Alásẹ́?” ẹ̀ṣọ́ ní. “Ibẹ̀ náà lọ̀gá ti ní kí wọ́n fọṣẹ fọ àwọn asẹ́ yẹn nígbà tẹ́ ẹ lọ sinmi. Wọ́n sá wọn sóòrùn bí ẹni sá aṣọ.”

Ìkan-náà kò ra tuntun rárá. Ó fọ èyí tí a kì í fọ̀. Omi ti da ihò sí pépà náà lára, inú ọ̀rinrin rẹ̀ ni ìbu sì ti ń hù, tó ń já sórí búrẹ́dì.

“Àǹtí, ẹ tètè lọ sọ fún ọ̀gá àgbà!” mo ní nígbà tó sọ ọ́ fún mi nílé.

“Kí n lọ sọ ọ́ nínú ọ́fíìsì, kí Ìkan-náà ti kó wọn sọnù kí n tó jáde? Rárá o. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú gbogbo ènìyàn, ojú gbogbo ènìyàn náà ni mo ti máa gbẹ̀san. Aláyẹ̀wò ìjọba tó ń yẹ ilé iṣẹ́ oúnjẹ wò ń bọ̀ lópin oṣù kẹsàn-án.”

“Àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì náà ńkọ́?”

Ó nu tábìlì láti igun kan dé èkejì. “Wọ́n ń rí i, wọ́n ń jù ú nù,” ó ní níkẹyìn, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. Mi ò tún béèrè mọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi náà ń fagi lé ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà.

Awakọ̀ tó ń kó búrẹ́dì ló wá sọ bí ọjọ́ àyẹ̀wò ṣe lọ fún mi ní pálọ̀ wa. Àǹtí jókòó tì wá, ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Aláyẹ̀wò náà jẹ́ obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó dúró ní yàrá ìtutù pẹ̀lú ọ̀gá àgbà, ó ní ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ asẹ́ òkè yẹn kẹ́yìn.

“Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mà,” Ìkan-náà dáhùn. “Tuntun ni gbogbo wọn.”

Àǹtí ń kó agbọ̀n wọlé lọ́wọ́. Ó gbé wọn sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí wọn. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ní kí wọ́n fa ọ̀kan yọ. Ẹ máa bá ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìràwọ̀ pupa kékeré kan. Tẹ́ ò bá bá a níbẹ̀, kí wọ́n lé mi lọ lónìí.”

“Ta ló pè ọ́?” Ìkan-náà jágbe. “Ìwọ afọgbọ̀n lásánlàsàn! Bọ́ síta!”

“Ẹ gbé àkàsọ̀ wá,” ni aláyẹ̀wò sọ.

Awakọ̀ ní ojú ọkùnrin náà kọ́kọ́ pọ́n, ó wá funfun bí eérú. Wọ́n fa àkọ́kọ́ yọ: ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì, ìràwọ̀. Èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Pépà ẹ̀kẹta fà ya mọ́ aláyẹ̀wò lọ́wọ́, ìbu dúdú sì kún inú rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà bẹ Àǹtí níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Ó ní kí Ìkan-náà yàn, yálà kó máa lọ sílé tàbí kó máa fọ agbọ̀n. Ọmọ mẹ́ta ló ní nílé ìwé. Ó yan agbọ̀n. Nígbà tí wọ́n bi Àǹtí pé kí ló tún fẹ́, ó ní kò ju ohun kan lọ: kí Ìkan-náà bá òun di àkàsọ̀ mú lọ́jọ́ tí òun bá máa pààrọ̀ asẹ́.

Ọ̀sán gangan ló fi í sí. Wọ́n ti kó búrẹ́dì kúrò ní yàrá náà, wọ́n sì ti tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni Ìkan-náà wọ̀ wá, torí kò tíì gbà pé afọgbọ̀n ni òun. Àǹtí fa asẹ́ yọ, ó sì gbọ̀n ọ́n lé e lórí.

“Ẹ má bínú o,” ó ní láti òkè. “Àbí eruku ni, àbí ìyẹ̀fun ni? Ìkan náà ni gbogbo ẹ̀.”

Àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Méjìlá ni asẹ́ náà. Méjìlá ló gbọ̀n.

Nígbà tó kan tuntun, ó kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀kan, ó gbé e sí i níwájú. “Kà á.”

Ó kà á.

“Mi ò gbọ́.”

Ó tún un kà.

“Ta lò ń kà á fún?”

“Ẹ̀yin ni, mà.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pe Àǹtí ní “ẹ̀yin”.

Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, Ìkan-náà máa ń kó agbọ̀n tó fọ̀ wá sẹ́nu yàrá ìtutù, Àǹtí á sì fi ìka nu gbogbo igun wọn. Lánàá, ó délé, ó jókòó ti tábìlì, tí eruku ti ń bò báyìí.

“Mo dá agbọ̀n mẹ́rin padà fún un lónìí,” ó ní.

“Ṣé wọn ò mọ́ ni?”

“Wọ́n mọ́.”

“Àǹtí, ṣé inú yín ò tíì wálẹ̀ ni?”

Ó rò ó dáadáa. “Ó ku díẹ̀,” ó ní.