Àgùàlà Lójú Ọ̀sán

Ilé tí Àǹtí Eléyín ń gbé máa ń rùn nírọ̀lẹ́. Kì í ṣe òórùn tí imú lè mú mọ́ra. Ìlédìí ọmọ, ọ̀rá, bàtà rọ́bà tó ti já, ìfun adìẹ: gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń kó jọ sí àárín ẹ̀yìnkùlé. Yóò da kẹrosíìnì sí i, yóò ṣáná sí i, yóò sì káwọ́ sẹ́yìn máa wò ó bí ẹni ń wo iṣẹ́ rere. Ọkùnrin yìí kan náà ni alága ẹgbẹ́ ìmọ́tótó àdúgbò. Alága ni wọ́n ń pè é nílé lóko. Ọkọ̀ akólẹ̀ ń dúró ní orígun òpópónà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun ló bá wọn ṣètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó ru ìdọ̀tí tirẹ̀ débẹ̀, ó ní kò yẹ àgbà.

Ìríra kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ yìí. Eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe, ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn eyín. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ àdúgbò ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kó ohun rírọ̀ tí àwọn ènìyàn fi eyín tẹ̀ kó lè gba àwòrán ẹnu wọn wá fún un, itọ́ ṣì ń yọ̀ lára òmíràn, èérún oúnjẹ àná há sí ojú ibi tí eyín wà. Yóò fọ̀ ọ́, yóò da ẹfun pípò sí i, yóò sì gbẹ́ ohun tí oníǹkan yóò fi rẹ́rìn-ín fún aráyé. Ó ti rí inú ẹnu àwọn ẹni ńlá. Kò sí ohun tó dùn ún wò níbẹ̀.

Ohun kan tó dùn ún wò wà lókè. Ó ra awò awọ̀nàjíjìn kan ní àlòkù, ó gbé e kalẹ̀ ní ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán Àgùàlà. Wọ́n ní àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Ẹni tó bá fi awò wò ó yóò gbà. Òun náà máa ń rí róbótó, òun náà máa ń ku ìlàjì, kí ó tó wá tín-ín-rín bí èékánná tí a gé sọnù. Afẹ́fẹ́ orí ilé a máa mi àwòrán náà bí òkúta ìsàlẹ̀ odò tó ń ṣàn, nítorí náà kámẹ́rà tó fi sí ojú awò ń gba fídíò, òun a sì ṣa ìwọ̀nba àwòrán tó dúró jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀, a tò wọ́n lé ara wọn títí wọn yóò fi di ẹyọ kan tó mọ́. Ó ti ní róbótó, ó ti ní ìlàjì. Èyí tó tín-ín-rín jù ló kù, kí Àgùàlà tó wọnú ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ. Bí èyí bá bọ́, ó di ọdún kan àbọ̀.

Èéfín ni kò jẹ́. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi iná yìí sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kí ló dé?"

"Àgùàlà ti fẹ́ lọ. N ò lè rí i nínú èéfín."

Alága bú sẹ́rìn-ín. "Ìràwọ̀ ló wá ń bá mi ṣẹjọ́ báyìí? Ní kó wá sí ìpàdé wa."

"Mo máa ru ìdọ̀tí náà lọ fúnra mi."

"Ó dáa, ó dáa, mo ti gbọ́. Àbúrò mi ṣáá ni ẹ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó dáná sun tìmùtìmù fóòmù kan.

Èéfín dúdú náà lẹ̀ mọ́ ojú awò bí ọ̀rá. Ó nù ún títí kí ó tó mọ́. Ìlérí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ju itọ́ lọ: ó tu ú, ó sì fẹsẹ̀ ra á mọ́lẹ̀.

Ó gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Lọ́sàn-án, Alága kì í dáná, nítorí ìgbà náà ló máa ń lọ bẹ ìdọ̀tí onídọ̀tí wò. Àgùàlà sì wà lókè lọ́sàn-án. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló bò ó. Ewu ibẹ̀ ni pé ó ti sún mọ́ oòrùn pẹ́kípẹ́kí, bẹ́ẹ̀ oòrùn tó bá gba inú awò kọjá lè fọ́ ojú kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ó gbé awò sún mọ́ ògiri ilé. Bí ọ̀sán bá yẹ̀, oòrùn a kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn òrùlé. Àgùàlà tó ń tẹ̀ lé e a ṣì wà lókè. Níwọ̀n ìgbà tí awò bá wà nínú òjìji, kò séwu.

Ó wá a títí, ó rí i: funfun tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ojú ọ̀run búlúù. Ó sáré wọlé lọ gbé kọ̀ǹpútà àti kámẹ́rà.

Ìgbà yẹn ni Alága wọ ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì. "Ẹ wá wo nǹkan tí àbúrò mi ń ṣe. Ọlọ́pọlọ ni!" Ó wọ́ awò náà kúrò nínú òjìji síta gbangba, kí àlejò lè ráyè dúró.

Nígbà tí Àǹtí Eléyín jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sójú awò. Ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan tó gba inú awò jáde ń jó kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, ó ń gun ọrùn rẹ̀ lọ sí ojú. Àbúrò rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Alága fi ìdí lélẹ̀ gbì.

"O tì mí! Lójú àlejò mi!"

"Oòrùn ni, Bùọ̀dá! Ojú yín ì bá ti fọ́!"

"Ta ló bi ẹ́ nípa ojú mi?"

"Ẹ̀kọ́ ilé ti wọ́n o," ni ọ̀kan nínú àwọn àlejò wí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí ihò tó jó sí kọ́là náà. Wọ́n wò ó, wọ́n gbójú kúrò.

Alága pe ìpàdé ẹbí sí ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọ̀sán yẹn gan-an ló kù fún Àgùàlà. Lẹ́yìn rẹ̀, òrùlé kò ní lè ya òun àti oòrùn mọ́.

Nígbà tí pálọ̀ kún, kámẹ́rà ti ń ṣiṣẹ́ nínú òjìji ògiri. Àbúrò bàbá wọn, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, yọjú sí ẹ̀yìnkùlé.

"Gbogbo wa la jókòó dè ẹ́. Ìràwọ̀ lo ṣì ń kí?"

"Òun ló ń lọ, Màmá. Ẹ̀yin ò lọ síbì kankan."

Màmá pòṣé, ó padà. Àǹtí Eléyín kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà, níbi tí fọ́nrán funfun kan ti ń gbọ̀n, títí ohun tó gbà fi tó o. Ó tọ́jú rẹ̀, ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó wọlé.

"Bẹ ẹ̀gbọ́n ẹ," ni Màmá wí, "kí ọ̀rọ̀ yìí tán."

"Kí ni kí n ní mo ṣe?"

"O tì í ṣubú."

"Mo tì wọ́n. Ojú wọn méjèèjì náà ni wọ́n fi ń wò mí yìí."

Alága yíjú sí ẹbí. "Ẹ ẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu? N ò fẹ́ rí awò yẹn nínú ilé yìí mọ́."

"Ẹ ò ní rí i," ni ó wí. "Ẹ ò sì ní rí èmi náà."

Wọ́n rò pé ìbínú ni. Ó ti wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń tú ẹsẹ̀ awò, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó bá òun gbé e.