Ìdọ̀bálẹ̀ Bọ̀dá Délé Lórí Yìnyín

Ìró kan ló jí mi láàárọ̀ yìí: irin ń ha kọnkéré, hàrà, hàrà, hàrà. Mo ṣí kọ́tìnì, mo rí aládùúgbò mi lódìkejì títì, tó ń fi ṣọ́bìrì onírin bá yìnyín jà níwájú ilé rẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, àfọ́kù yìnyín sì ń ta bá a lára. Ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ là láti tọ́ ọ sọ́nà. Ẹni tó bá ti ṣe olùkọ́ pẹ́ bíi tèmi, ojú rẹ̀ kì í kúrò nínú ìwé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló gbà mí lẹ́nu, nítorí ìró yẹn ti gbé mi padà sí òwúrọ̀ kan nígbà èwe mi, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ní Houston yìí kan náà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé a kì í rí yìnyín níhìn-ín. A máa ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí sì nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìlú náà tẹ́jú bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀, àfi ilé tiwa. Ẹni tó kọ́ ọ bẹ̀rù kí odò ẹ̀yìnkùlé má kún wọlé, ó kó iyẹ̀pẹ̀ jọ gègèrè, ó gbé ilé lé e lórí. Bí mọ́tò bá ń gòkè wọlé, imú rẹ̀ a máa wo ojú ọ̀run. Bàbá mi fẹ́ràn òkè náà ju ilé gan-an lọ, nítorí ọmọ Ìdànrè ni wọ́n.

Mọ́tò méjì ló máa ń sùn lórí òkè yẹn. Ti Bàbá mi wà lókè, ó gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ epo ní Deer Park, wọ́n sì ń fọ mọ́tò náà ní gbogbo Sátidé bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ti Màmá mi, kékeré aláwọ̀ ewé, wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó sì ti dì. Gbogbo òkè ń dán bí àwo tángaran. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìsọmọlórúkọ àkọ́bí Bọ̀dá Délé, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé àpátímẹ́ǹtì ní Westchase. Gbogbo ẹbí wọn wà ní Nàìjíríà, bàbá rẹ̀ sì ti kú. Ó ti bẹ Bàbá mi kí wọ́n dúró bíi bàbá fún òun, kí wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́, kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Bí wọn kò bá dé, kò sí àgbà ẹbí mìíràn. Ọjọ́ kẹjọ ọmọ kì í sì í dúró kí yìnyín yọ́.

Bàbá mi wọ agbádá funfun, wọ́n wọ kóòtù òtútù lé e lórí, wọ́n wá rí bí ẹni tó gbé àga pamọ́ sínú aṣọ. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ fi rìfáàsì gbé mọ́tò Màmá mi sọ̀ kalẹ̀, kí àwọn tó gbé tàwọn.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa,” Màmá mi wí.

“Kí la fẹ́ rò? Omi ni. Ọmọ Ìdànrè ni mí, ta ló ń fi òkè dẹ́rù bà mí?”

Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò nígbà tí Bọ̀dá Délé yọ. Ó ti gbé mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí títì ti tẹ́jú, ó sì gba orí koríko gòkè wá wo ohun tó dá wa dúró. Bó ṣe rí Bàbá mi, ẹ̀kọ́ ilé gbé e. Ó kúrò lórí koríko, ó bọ́ sórí kọnkéré, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ káàárọ̀, sà!”

Ó ti ń lọ. Ó fi àyà yọ̀ lọ́ọ́lọ́ọ́, fìlà rẹ̀ dúró sẹ́yìn.

“Káàárọ̀, Délé,” Bàbá mi dáhùn, ẹnu wọn kò tíì bá ojú wọn. “Ìyàwó ńkọ́?”

“Ó wà, sà!”

“Ọmọ ńkọ́?”

“Ó wà, sààà!”

“Délé, níbo lo ń lọ?” Màmá mi pariwo.

Ó kọjá títì, ó sì dúró sídìí igi ńlá kan lódìkejì. Ó gbọn aṣọ rẹ̀. Kò fara pa.

“Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ nìyẹn,” Màmá mi wí. “Ó kí wa títí dé títì.”

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ojú ọ̀nà tí ó gbà, wọ́n wo igi, wọ́n wo mọ́tò méjèèjì. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́tò padà jẹ́jẹ́. “Ẹ jẹ́ ká tún ọ̀nà yìí ṣe ná,” ni wọ́n wí.

Bàbá mi da omi gbígbóná sí i. Ó rú èéfín, ó tún dì, ó wá ń dán ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá Délé ní ká wá iyọ̀ tí yóò yọ́ yìnyín. Màmá mi ní iyọ̀ tó ń jẹ irin kò ní í sún mọ́ mọ́tò àwọn; iyọ̀ kan ṣoṣo tó wà nílé, ti ọmọ ni. Wọ́n gba ṣọ́bìrì irin lọ́wọ́ Bàbá mi, wọ́n gbé pákó fún wọn. Wọ́n fi bíríkì ti gbogbo táyà, wọ́n sì so fóòmù tí mo ń sùn lé sáàárín mọ́tò méjèèjì, kí ọ̀kan má baà lu èkejì. Orógùn ọkà ni wọ́n fi ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì, nítorí igi kì í dá àpá sí gíláàsì. A gbé iyanrìn láti etí odò, èmi pẹ̀lú garawa kékeré mi, a fọ́n ọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Màmá mi fúnra wọn ló gbé mọ́tò kékeré sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni gbé ẹyin. Bàbá mi tẹ̀ lé wọn. Kò sí èyí tó ní ojú àpá.

A pẹ́ dé Westchase. Àwọn àlejò ti jẹun, ọmọ ti sùn. Ṣùgbọ́n Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọ́n fi oyin àti iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu, iyanrìn ṣì wà ní etí agbádá wọn, wọ́n sì pè é ní Dúrótìmí.

Àwọn òbí mi ti lọ sinmi. Sugar Land, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, ni mò ń gbé báyìí, fóònù sì ti kìlọ̀ yìnyín fún wa láti ìjẹta. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ dàgbà níhìn-ín, ìkíni àti orúkọ oúnjẹ ló kù lẹ́nu wọn nínú Yorùbá. Mo máa ń káàánú rẹ̀ nígbà mìíràn.

Mo ṣì wà lójú fèrèsé nígbà tí mọ́tò kan dúró sí títì. Dúrótìmí ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ó gbé garawa iyanrìn wá fún mi láìjẹ́ pé mo ránṣẹ́ sí i. Mo ṣílẹ̀kùn. Ó wo kọnkéré tó ń dán, ó yà sórí koríko, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú òtútù yẹn.

“Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Dádì mi ní kí n má ṣe é lórí kọnkéré.”

Mo ní kó dìde. Ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí gan-an ló ti dìde.